Ẹ̀pẹ́ tí màmá àgbà fi ń pìtàn: ta ló lè júwe ilé fún mi?

Àṣàkẹ́ Ìkòròdú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo ní kí n gbé e síta níbí, bóyá ẹni tó mọ̀dí ẹ̀ á wà.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ní Ìkòròdú. Kí n wọ mọ́tò ní gáréèjì, kí n gba Ìmọ̀ta kọjá, kí n kan Ìtòìkín, Ẹ̀pẹ́ ti ń rùn sí mi nímú nìyẹn. Síbẹ̀ n kò débẹ̀ rí. Kì í ṣe pé àyè ò sí. Láti kékeré ni mo ti kọ́ Ẹ̀pẹ́ kan sínú orí mi, ẹ̀rù ń bà mí kí èyí tó wà nílẹ̀ má lọ wó o.

Ìyá tó bí màmá mi ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n bí màmá. Bí iná bá ti lọ báyìí, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó di Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á ní bàbá bàbá àwọn wà lára àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó nígbà Ogun Àgídìǹgbì, pé òru ni wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ, pé ọmú ni àwọn ìyálọ́mọ fi ń dí ọmọ lẹ́nu kí àwọn Òyìnbó má baà gbọ́ ẹkún. Tí wọ́n bá parí ẹ̀ tán, wọ́n á ní, "Ẹ̀pẹ́ ni wá o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ má tijú."

Bàbá mi wá fi ìwé lé e. Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ìwé ìtàn-àròsọ lásán ló kún inú ẹ̀: ọba, ogun, àwọn oníṣòwò ojú omi, àwọn obìnrin tó gbọ́n ju ọkọ wọn lọ. Mo kà wọ́n títí ẹ̀yìn wọn fi já. Nínú èyí tí mo fẹ́ràn jù, ọmọbìnrin kan máa ń jókòó sétí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ lálaalẹ́, á máa wo iná lókèèrè, kò mọ̀ bóyá ọkọ ẹ̀ ló ń bọ̀ tàbí ọ̀tá. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo mọ bí yanrìn ibẹ̀ ṣe tutù tó.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ. Níbo ni kí n kọ́kọ́ yà? Báwo lèèyàn ṣe ń wá agbo-ilé tí kò mọ̀ ju "ilé wa l'Ẹ́pẹ́" lọ?

Ọmọ Ayétòrò

Àbúrò mi, ẹ káàbọ̀ kí ẹ tó gbéra. Ìlú yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là yín lóye nǹkan kan. Ẹ̀pẹ́ méjì ló wà nínú Ẹ̀pẹ́. Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà. Ọba wọn ò pọ̀ mọ́ra: Ọlọ́jà ni t'Èkó-Ẹ̀pẹ́, Olú Ẹ̀pẹ́ ni t'Ìjẹ̀bú. Ọdún wọn náà ò pọ̀ mọ́ra. Àwa ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ la ni Káyókáyó, èyí tí a ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti fi rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ gúnlẹ̀ síbí. Ìjẹ̀bú ní tiwọn, wọ́n ní ọdún tí ọkọ̀ ojú omi fi ń sáré ìje. Bó bá jẹ́ Kòsọ́kọ́ ni bàbá yín bá wá, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tiwa lẹ ń bọ̀, kí ẹ má lọ yà sílé onílé.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè oríkì àti bí wọ́n ṣe máa ń kí yín láàárọ̀. Ìyẹn ló ń júwe ilé ju orúkọ àdúgbò lọ.

Ìjẹ̀bú Pọ́nńbélé

Ilé onílé kẹ̀? Hẹn, ayé ti yí.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ayétòrò, ẹ pìtàn kó pé. Kí Kòsọ́kọ́ tó mọ̀ pé ibi kan ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́, a ti ń ju àwọ̀n níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Huraka ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Abẹ́ Awùjalẹ̀ sì ni ilẹ̀ náà wà nígbà tí Kòsọ́kọ́ dé. Awùjalẹ̀ ló yọ̀ǹda fún un. Ẹni tí a fún ní àkéte kò gbọdọ̀ wá máa wọn yàrá.

Arábìnrin Àṣàkẹ́, ẹ wá o jàre. Ẹ̀gbẹ́ yòówù kẹ́ ẹ yà sí, ẹja kan náà la ó fi gbà yín.

Ọmọ Ayétòrò

Ta ló wọn yàrá? Ọdún 1851 la dé, títí di òní a ò tíì wọn yàrá tán ni? Ó ti tó.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Mo kọ́ ọmọ ní ìtàn fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ìjà yìí ni mo fi jẹun.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi, ohun tí màmá yín sọ fìdí múlẹ̀. Kòsọ́kọ́ gba oyè mọ́ Akítóyè lọ́wọ́ ní 1845. Akítóyè sá lọ, ó sì bọ́ sí Àgbádárìgì níkẹyìn, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ní òpin ọdún 1851, oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá lé Èkó lórí. Ariwo àgbá yẹn ló sọ ọ́ ní Àgídìǹgbì. Wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn ẹ̀ sínú ọkọ̀, ó di Ẹ̀pẹ́.

Kò wá jókòó síbẹ̀ lásán. Ní 1853 ó padà wá gbógun ti Èkó, kò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti Campbell tó jẹ́ kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀: kó má tún sọ pé òun ló ni Èkó mọ́, àwọn náà á gbà pé òun ló ni èbúté Palma, wọ́n á sì máa fún un ní owó lọ́dọọdún, 1,000 dọ́là tàbí iye owó ẹyọ tí wọ́n dá. Bàyìí ni Ẹ̀pẹ́ di ọjà ńlá, epo pupa ń tibẹ̀ jáde. Ìgbà tí Dòsùmú, ọmọ Akítóyè, wá fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láàyè kó padà sílé ní 1862. Ọṣòdì Tápà, balógun ẹ̀, bá a padà pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ. Pòsù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun ẹ̀, lóun ò lọ síbì kankan, òun àtàwọn mìíràn bá jókòó sí Ẹ̀pẹ́, àní Glover, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, tún wá kọ lù wọ́n níbẹ̀ ní 1863.

Nítorí náà, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá kọ́ ló dúró tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń béèrè.

Bọ̀dé Àgbádárìgì

Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ ìlú wa, bàbá.

Àṣàkẹ́, ó ṣe mí rí. Ìyàwó mi ni kì í ṣe ọmọ ibí, òun náà ti ka ìwé tó sọ̀rọ̀ ẹrú tí wọ́n kó gba Àgbádárìgì kọjá, ó ti sunkún lórí ẹ̀ ní yunifásítì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wá, mo mú un lọ sí ilé tí Séríkì Abass fi ń kó ẹrú pamọ́. Ogójì yàrá ni wọ́n ní ó jẹ́ nígbà náà, ogójì èèyàn nínú yàrá kan. Ó wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri méjèèjì. Kò sọ̀rọ̀. A jáde síta, aṣọ ọmọdé ni wọ́n sá sórí okùn níwájú ilé, ẹnì kan ń gbọ́ rédíò, nítorí ilé àwọn èèyàn ni, wọ́n ń gbé ibẹ̀. Aṣọ tí wọ́n sá yẹn ló pa á lẹ́kún, kì í ṣe yàrá.

Nǹkan tí ìwé kì í kọ nìyẹn. Ẹ múra ẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ogun láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń ra ẹja.

Ọmọ mi, Ọjà Olúwo ni kí o kọ́kọ́ yà. Àárọ̀ kùtù ni kó o wá, kí oòrùn tó mú. Má ra ẹja tí wọ́n ń bu omi sí lójú ẹ, etí ẹ̀ ni kó o ṣí wò. Bó bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹja àná alẹ́ ni, rà á. Bó bá ti ṣú, bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọjọ́ ìbí ẹ̀. Àrọ̀ wà, èpìyà wà, òbòkún wà, akàn wà, edé wà. Bí o bá rí i tí wọ́n gbé ọ̀nì tàbí ahun síta, má pariwo, má ya fọ́tò, kọjá. Mú kúlà dání. Bí o ò bá ní, èmi á yá ọ ní kékeré kan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kúlà mi padà o.

Kẹ̀kẹ́ Ìtòìkín

Màmá ti ń polówó ọjà 😂

Àǹtí Àṣàkẹ́, kí ni màmá àgbà tún sọ nípa ilé náà? Ẹ fún wa ní àmì. Kànga? Igi? Mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Àṣàkẹ́ Ìkòròdú

Inú mi dùn gan-an, ẹ ṣeun. Bàbá Tíṣà, mo ti da ọ̀rọ̀ yín kọ sínú ìwé.

Àmì? Ẹ jẹ́ kí n rántí. Wọ́n ní ilé náà ní ìloro gígùn tó tutù, bí èèyàn bá gbà á já, àgbàlá ni, kànga wà láàárín. Wọ́n ní ẹ̀yìn alùfáà lágbo-ilé ni àwọn ti ń kéwú. Wọ́n ní lálẹ́, bí ibi gbogbo bá pa rọ́rọ́, àwọn máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun.

Èyí tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n ní reluwé kékeré kan máa ń gba àdúgbò kọjá, ìgbẹ́ ló ń kó. Ìgbẹ́ èèyàn! Pé bí àwọn ọmọdé bá ti gbọ́ kukukuku ẹ̀, gbogbo wọn á di imú mú, wọ́n á máa sá tẹ̀ lé e, wọ́n á máa kọrin bú u. Màmá á fi imú kọ orin náà fún wa. A máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dun wá.

Kẹ̀kẹ́ Ìtòìkín

Reluwé ìgbẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́. 😂😂😂 Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo ń wá ọkọ̀ tí mo lè fi ṣòwò, kí n lọ ra irú ẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò

Reluwé kankan ò dé Ẹ̀pẹ́ rí, àbúrò, títí di òní. Fèrè ọkọ̀ òkun náà ń kọ mí lóminú. Ọ̀sà la ní, kì í ṣe òkun. Bóyá màmá ti da ìtàn méjì pọ̀.

Ìjẹ̀bú Pọ́nńbélé

Àgbà tó ń pìtàn fọ́mọ ọmọ láìsí iná, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ó gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ sí i.

Àṣàkẹ́ Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í parọ́. Màá lọ, màá padà wá ròyìn.

Àṣàkẹ́ Ìkòròdú

Mo ti dé o. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti dé, n kò kàn mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Mo gbéra láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà kò tíì lù. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo lẹ́sẹ̀ ló jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, ó ní ẹja lòun ń lọ kó, láti ọdún méjìlélógún. Mo sọ fún un pé mò ń lọ sílé bàbá wa. Ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "O ò jọ ọmọ Ẹ̀pẹ́." Mo bi í pé báwo ni ọmọ Ẹ̀pẹ́ ṣe ń rí, ó ní, "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í bẹ̀rù àtisọ̀kalẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára nítorí ó rí bí mo ṣe di ìjókòó iwájú mú.

Mo yà sí Olúwo bí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe wí. Ẹ gbọ́, kò sí ìwé tí mo kà rí tó sọ̀rọ̀ ariwo ibẹ̀. Nínú ìwé tèmi, Ẹ̀pẹ́ dákẹ́ ni, omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tí mo bá nílẹ̀, obìnrin mẹ́fà ń ké sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, omi ẹja ń ṣàn gba abẹ́ bàtà mi, àdá ń sọ gbà gbà lórí pákó. Àrọ̀ kan fò kúrò nínú báàfù, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó ń fi mustáàṣì ẹ̀ wá omi kiri lórí sìmẹ́ǹtì. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ mú un lẹ́yìn ọrùn, ó sọ ọ́ padà, kò tilẹ̀ dáwọ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹlòmíì sọ dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ ọ̀nì kan nà sílẹ̀, wọ́n fi okùn di í lẹ́nu. N kò ya fọ́tò, Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ìyá náà rí mi kí n tó rí wọn. Wọ́n ní kúlà tí mo gbé lọ́wọ́, ti ọmọ ilé ìwé ni. Wọ́n yá mi ní tiwọn.

Mo wá bọ́ sí etí omi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo ti sọ fún yín. Yanrìn tútù tí mo ń wí yẹn kò sí. Ẹrẹ̀ wà, ewé orí omi wà tó bo etí ọ̀sà bí ẹní, ọ̀rá píọ̀wọ́tà wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ onígi méjì dojú dé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ojú sókè kúrò nílẹ̀ báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi, omi náà gbòòrò! Ó funfun lọ rangandan títí kò fi sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ojú ọ̀run, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òkèèrè tó kéré bí ìyẹ́ adìyẹ. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin inú ìwé yẹn ti gbà mí mú. Mo dúró. Ara mi ń gbọ̀n díẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò ti fún mi ní júwejúwe, mo tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jókòó síwájú ilé, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Bàbá náà ti dàgbà gan-an, ojú wọn kan ti funfun, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń fi abẹ́rẹ́ onígi wọ inú ojú àwọ̀n, ó ń wọ̀ ó ń jáde, wọn ò wò ó. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá màmá àgbà, mo sọ. Orúkọ bàbá tiẹ̀ ńkọ́? Mo sọ. Bí wọ́n ṣe ń kí wa láàárọ̀? Mo sọ èyí tí mo rántí, ìlàjì ni. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Abẹ́rẹ́ dúró.

Wọ́n ní, "Kíkí àwọn Tápà nìyẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọṣòdì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ilé dà?

Wọ́n dákẹ́. Abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bi ọmọdé tó sọ owó nù, "Màmá rẹ, ṣé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ní, àbí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, Èkó kọ́ ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wà ni?"

Wọ́n ní, "Èkó náà ni mo ń wí. Wọ́n bá Ọṣòdì padà, wọ́n fún wọn nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n fi orúkọ wa sọ ọ́. Láàárín ara wọn, ta ló ń pe orúkọ gígùn yẹn tán? Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bàbá ńlá rẹ gbé ibí ní ọdún mẹ́wàá o. Ilé tó o ń wá kò sí níbí."

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Wọ́n ní kí n jẹun, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi (Ìjẹ̀bú Pọ́nńbélé, ẹ má fọ́nnu, mo mọ̀ pé tiyín ni). Mo jẹ ẹ́ tán. Mo padà sí etí omi, mo jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé, mo ń ronú pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi bẹ̀rù ìlú tí kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wí.

Kẹ̀kẹ́ Ìtòìkín

Àǹtí, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ojú ń tì mí, Àṣàkẹ́. Ó yẹ kí n ti mú un láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ reluwé, ṣùgbọ́n n kò padà wá ka ìdáhùn yín.

Màmá yín ò fi iyọ̀ sí nǹkan kan. Ní 1902, ìjọba àwọn Òyìnbó la reluwé kékeré kan sí ìgboro Èkó. Láti Ìddó ló ti ń gun Carter Bridge wá sí erékùṣù, tó ń lọ títí dé èbúté. Èrò ló kọ́kọ́ ń kó. Nígbà tó yá, nítorí pé Èkó ò ní ihò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀, wọ́n wá ń fi irin yẹn kó korobá ìgbẹ́ káàkiri ìgboro lọ dà sómi. 1933 ni wọ́n pa á tì. Ẹni tí wọ́n bí ní 1926, ọmọ ọdún méje ni lọ́dún náà. Ọjọ́ orí tí èèyàn fi ń sá tẹ̀ lé reluwé tó sì ń kọrin bú u gan-an nìyẹn.

Fèrè ọkọ̀ òkun, ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n ti ń fọn ọ́. Ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Marina àti Àpápá ni màmá ń gbọ́ lórí ẹní wọn.

Ọmọ Ayétòrò

Bàbá, ẹ ò ríi! Èmi tí mo ní màmá da ìtàn pọ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ màmá níbi tí wọ́n wà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò fẹ́ dá sí i kí wọ́n má sọ pé ará Èkó ti tún dé. Àmọ́ ó ti kàn mí wàyí.

Òótọ́ ni bàbá alawọ̀n sọ. Nílé wa, bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ "Ẹ̀pẹ́", kì í wọ mọ́tò, ó kàn ń ré títì kọjá ni. Agbo-ilé mọ́kànlélógún ni àwọn èèyàn Ọṣòdì Tápà pín sí nígbà tí wọ́n dé láti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀ràn ilẹ̀ àwọn agbo-ilé wọ̀nyẹn dé ilé ẹjọ́ títí dé ìlú òyìnbó nígbà ayé àwọn bàbá wa. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí náà ni Abíọ́lá ti kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, bóyá orúkọ náà ti dé etí yín báyìí láìmọ̀ pé ilé yín ni.

Ẹ má retí ìloro tútù o. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá-yàrá, ṣọ́ọ̀bù ni ìsàlẹ̀ wọn. Mo mọ agbo-ilé méjì tí kànga wọn ṣì wà, ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ fi oríkì yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá bá yín bi olórí ẹbí. Ẹ má dá nìkan wá, àwọn ọmọ àdúgbò lè rò pé ilẹ̀ lẹ wá gbà.

Ìjẹ̀bú Pọ́nńbélé

Kí n má baà parọ́, inú mi dùn pé kì í ṣe ti Ọmọ Ayétòrò náà ni.

Ọmọ Ayétòrò

Tiwa ni. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe àlejò. Bí Káyókáyó bá kù díẹ̀, màá kọ̀wé sí i, kó wá jẹ ẹran.

Bọ̀dé Àgbádárìgì

Àṣàkẹ́, báwo ló ṣe rí lára yín báyìí? Ìyàwó mi ló ní kí n béèrè.

Àṣàkẹ́ Ìkòròdú

Ẹ bá mi kí wọn. Ó ti fúyẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà, mo sunkún nítorí reluwé yẹn. Mo ń rò pé màmá ń pa wá lẹ́rìn-ín ni, àṣé ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ fún wa.

Mo wá pe àbúrò màmá mi ní Ṣúúrùlérè. Mo fara balẹ̀, mo ní, "Bùọ̀dá mi, mo ti wádìí ẹ̀ o. Ẹ̀pẹ́ tí màmá ń sọ, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni." Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wú wọn lórí ni. Wọ́n ní, "Hẹn. Kí ni o rò tẹ́lẹ̀?"

Mo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ tòun tẹja.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó wọn gba fóònù. Wọ́n ní gbogbo wọn ló mọ̀, pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ni. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ṣe ìsìnkú bàbá àgbà, inú agbo-ilé yẹn la ti jẹ ìrẹsì, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, mo sùn sórí itan wọn nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà bọ̀, mo sì tọ̀ sí wọn lára. Mo ti dé ilé wa rí! Èmi tí mo ń gbé kúlà kiri Olúwo.

Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ti gbà láti bá mi lọ. Mo ní a kò ní gba orí ilẹ̀. Èbúté Ìpakòdò ni màá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀sà kan náà ni, wọ́n á wá pàdé mi ní erékùṣù. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ti fi oríkì ránṣẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Ó dára. Àrọ̀ tí o rà ńkọ́, ṣé o fi ata gún un àbí o yan án?

Àṣàkẹ́ Ìkòròdú

Mo yan méjì, ọbẹ̀ ni mo fi ìyókù sè. Àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Kúlà mi dà?